Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọmú Abiyamọ Máa Ń Bàjẹ́?

 

Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wa lóṣù yìí, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí la ti pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Bàrígà, nígbà tí wọ́n ti ń ká ẹní, ìyàwó ilé kan dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń bọ́ bàtà sí. Ó pọn ọmọ ọkùnrin oṣù mẹ́rin. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn. Ó ní òun ní ìbéèrè méjì, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun láti béèrè níwájú àwọn alhájà. A fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìbéèrè kìíní: ṣé lóòótọ́ ni pé ọmú abiyamọ máa ń bàjẹ́ bí ó bá bá ọkọ rẹ̀ sùn kí ó tó já ọmọ lẹ́nu ọmú? Ìkejì: ṣé ìkà ni kí òun má fún ọmọ lómi mu?

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti Ẹ̀pẹ́ wá bá wọn wẹ ọmọ. Yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtaya náà ń gbé, nínú ilé onífésì-mi-n-fésì-ẹ, nítorí náà Màmá ń sùn láàrin wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá ti ń rọ ọmọ ní àgbo àti omi. Láti ọjọ́ kẹta ni ọmọ ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Màmá ní bí kì í bá ṣe ehín ló fẹ́ yọ, a jẹ́ pé bàbá ọmọ ti ba ọmú jẹ́. Gbogbo ilé gbọ́. Ìyàwó àti ìyá ọkọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọ oṣù mẹ́rin kì í ṣe ohun tí à ń dúró de ìwé ìròyìn fún. A ní kí ó dá omi àti àgbo dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó máa fún ọmọ lọ́mú lemọ́lemọ́, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè fa ọmú mọ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, a ní kó má dúró de àárọ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kó gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Ó lọ láàárọ̀. Wọ́n tọ́jú ọmọ, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjèèjì ṣì wà nílẹ̀, a sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń bi í ní Ṣómólú àti Bàrígà.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé irú ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ lójú ìwé ẹgbẹ́ Mùsùlùmí, ẹ rántí Ummu Sulaym. Ó lọ bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lórí ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn obìnrin tó lálàá, ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ pé Ọlọ́hun kì í tijú níbi òdodo. Wọ́n dá a lóhùn. Wọn kò lé e.

Ohun tí àwọn àgbà rí

Àwọn bàbá ńlá wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ abiyamọ. Ọdún méjì, nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta, ni ọmọ fi ń mu ọmú, ní gbogbo àkókò yẹn, ọkọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyàwó. Wọ́n ní àtọ̀ ọkùnrin yóò wọnú omi ọmú, yóò sì bà á jẹ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Obìnrin tó bá lóyún nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì rìn, ẹ̀sín dé bá a. Wọ́n á ní ó lóyún lé ọmọ. Bí ọmọ náà bá wá rù, tàbí tó kú, kò sí ẹni tó máa wádìí nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ wo bí ayé ìgbà náà ṣe rí. Kò sí wàrà inú agolo. Ẹran kì í kan ọmọdé. Bí ọmú bá tètè kúrò lẹ́nu ọmọ, ẹ̀kọ àti àmàlà ló kù, ìwọ̀nyí a máa yó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ọmọ dàgbà. Àwọn àgbà rí i pé ọmọ tí àbúrò rẹ̀ bá sáré dé kì í sábà yè dáadáa. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló rí i. Láti ọdún 1929, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó ń rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí ikùn wọn yọ síta, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún àìsàn yìí ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òun lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin Gà fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, kwashiorkor ni, àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ní 1935 ó gbé orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dòní ọ̀rọ̀ Gà yìí ni gbogbo dókítà àgbáyé ń lò. Àìtó oúnjẹ tó ń dá ara ró ló ń fa àìsàn náà. Ọmú ti kúrò lẹ́nu ọmọ, ohun tó dáa kò sì rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwọn àgbà rí dáa, àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni kò dáa. Kò sí ọ̀nà kankan láàrin ilé ọmọ àti ọmú tí àtọ̀ lè gbà kọjá. Inú ọmú gan-an ni ara ìyá ti ń ṣe wàrà, láti inú ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé wá, bí ọmọ bá sì ṣe ń fà á tó ni yóò ṣe máa wá tó. Kódà bí ìyá bá lóyún, tí oyún náà kò sì ní wàhálà, ó lè máa fún ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọmú lọ, kó máa jẹun dáadáa, kó sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún mọ̀.

Síbẹ̀, àlàyé tí kò dáa yẹn ṣe iṣẹ́ tó dáa. Ó fi ọdún mẹ́ta sáàrin ọmọ kan àti èkejì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀: fètò sọ́mọ bíbí ni, ẹ̀rù àti ìtìjú ló sì ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí Ànábì gbé yẹ̀ wò

Àwọn Lárúbáwá náà ní irú ìfòyà yìí. Wọ́n ń pe bíbá abiyamọ lò pọ̀ ní ghīlah, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé ó ń pa ọmọ lára. Hádíìsì kan wà nínú Sahih Muslim, láti ẹnu Judāmah ọmọ Wahb, obìnrin ará ìdílé Asad. Kókó rẹ̀ ni pé Ànábì ti gbèrò láti kọ̀ ọ́ fún àwọn ènìyàn, títí wọ́n fi rántí pé àwọn ará Róòmù àti àwọn ará Páṣíà ń ṣe é, kò sì pa àwọn ọmọ wọn lára. Nítorí náà wọn kò kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. Ohun tí gbogbo ìlú gbà gbọ́ wà nílẹ̀. Ànábì kò sọ pé nítorí pé àwọn bàbá wa sọ ọ́, ó parí. Wọ́n wo àwọn tó ń ṣe é, àwọn tí kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, wọ́n wo ara ọmọ wọn, wọ́n sì gba ẹ̀rí tó wà níwájú wọn. A mọ̀ pé àwọn onímọ̀ láàrin yín yóò rántí hádíìsì mìíràn, láti ọ̀dọ̀ Asmāʾ ọmọ Yazīd, tó kìlọ̀ nípa ghīlah. Àwọn aṣáájú onímọ̀ ti pa méjèèjì pọ̀: wọ́n ka ti Asmāʾ sí ìmọ̀ràn ìṣọ́ra, wọn kò kà á sí èèwọ̀. Ìṣọ́ra náà kò sì jìnnà sí ohun tí à ń sọ bọ̀, nítorí oyún tó sáré dé ni ewu rẹ̀ wà.

Èèwọ̀ tó dájú nínú ẹ̀sìn ni àkókò ẹ̀jẹ̀ ìbímọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣì ń wá, kò sí ìbálòpọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi 40 ọjọ́ ṣe òpin rẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé Mālik, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlùfáà àtijọ́ nílẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, ní ó lè tó 60. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá kó tó dìgbà náà, obìnrin yóò wẹ̀, yóò sì máa kírun lọ. Ti ọmú, Al-Kùránì sọ ọ́ nínú Súrà Al-Baqarah, aayá 233: ọdún méjì gbáko ni fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé. Aayá náà kò ní kí tọkọtaya ya ara wọn fún ọdún méjì.

Èèwọ̀ ilé ńlá nínú yàrá kékeré

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn wa ni pé: bí èèwọ̀ náà bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi ń kú lọ? Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat, àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn láti Ọsirélíà, ṣe ìwádìí pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn láàrin àwọn obìnrin Yorùbá, wọ́n sì gbé èyí tó dá lé ìyàsọ́tọ̀ abiyamọ jáde ní 1977. Wọ́n rí i pé àwọn ìyá àgbà ṣì ń ka ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìlú ńlá tó kàwé ti ń gé e kúrú, tí wọ́n sì ń lo ọ̀nà mìíràn láti fi àlàfo sáàrin ọmọ. Kò sẹ́ni tó ṣe òfin, kò sì sẹ́ni tó wàásù lòdì sí i. Ó kàn ń yọ́ lọ ni.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú kò ní bèèrè ìdí. Nínú agbo ilé àtijọ́, bàbá ní yàrá tirẹ̀, abiyamọ sì ń sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyàwó mìíràn sábà máa ń wà nílé. Ilé fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ èèwọ̀ náà. Ẹ wá gbé èèwọ̀ yìí wọ yàrá kan ní ìtòsí Bájùláyè tàbí Pẹ́dírò, níbi tí bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan àti sítóòfù ti gba gbogbo ilẹ̀, tí bàbá ọmọ ń ti ilé ìtẹ̀wé dé láago mẹ́wàá alẹ́. Ta ló fẹ́ ṣọ́ ta? Èèwọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé mẹ́wàá-yàrá fún kò lè dúró nínú yàrá kan.

Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni wàhálà wà. Èèwọ̀ lọ, àlàfo náà sì bá a lọ. Àwọn tọkọtaya mìíràn kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. A ń rí obìnrin tó gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí oyún oṣù mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀bi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn pé kí oṣù 24 ó kéré tán kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó wọlé. Ẹ bá wa kà á: ọdún méjì. Iye tí àwọn ìyá ńlá wa ń kà kò jìnnà sí i.

Màmá sọ tirẹ̀

A ò fẹ́ dá ẹjọ́ agbọ́-ẹnu-ẹnìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a mú ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a sì lọ kí wọn nílé. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń fi òrí pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. A kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Màmá. Ẹ kú ewu ọmọ.”

“Ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹ wọlé.” Wọ́n wò wá láti òkè dé ilẹ̀. “Ṣé ìyàwó mi ló rán yín sí mi?”

Alhájà nọ́ọ̀sì kò wàásù. Ó gba ọmọ mọ́ra, ó yin ìwẹ̀ tí Màmá wẹ̀ fún un, ó sì bi wọ́n léèrè iye ọmọ tí àwọn fúnra wọn bí. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Méje ni mo bí. Mẹ́fà ló kù. Èkejì, ọkùnrin, kò tíì pé ọdún kan nígbà tí mo lóyún èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi ní kí n já a lẹ́nu ọmú kíákíá, pé ọmú ti di májèlé. Mo já a. Ẹ̀kọ là ń fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Oṣù àwẹ̀ ló kú. Wọ́n ní èmi àti bàbá rẹ̀ la pa á. Ìyá ọkọ mi kò dá mi lóhùn fún odidi ọdún kan. Ẹ̀yin wá ń bi mí ìdí tí mo fi ń sùn sáàrin àwọn ọmọ yìí?”

Kò sí ẹni tó bi wọ́n. Ìyàwó wọn tó ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà dúró ti abọ́ lọ́wọ́. Ó hàn pé kò gbọ́ ìtàn náà rí.

Alhájà nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Bàbá rẹ̀ náà kọ́. Ọmú yín kò bàjẹ́ rárá. Nígbà tí ẹ já a lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ lásán ló kù fún un. Ká ní ẹnìkan sọ fún yín pé kí ẹ máa fún un lọ́mú lọ, kí ẹ sì máa fi ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin kún ẹ̀kọ rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀. Ẹ̀yin ṣe ohun tí wọ́n kọ́ yín.”

“Ẹyin kẹ̀?” Màmá gbé orí sókè. “Ẹyin tó ń sọ ọmọ di olè?”

A rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èèwọ̀ ẹyin yìí, kò yẹ ká jókòó tì í pẹ́. Nígbà tí ẹyin mẹ́wàá jẹ́ adìyẹ mẹ́wàá lọ́la, ó bọ́gbọ́n mu láti dẹ́rù ba ọmọdé kúrò nídìí ìtẹ́. Lónìí tí ẹyin wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fi í du ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà ń fi oúnjẹ du ara ọmọ ni. A kò tíì rí olè tí ẹyin sọ di olè.

Ọ̀rọ̀ omi

Lórí omi, Màmá le. Wọ́n ní ooru Èkó mú àgbà, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ. Wọ́n ní àlejò tó wọlé pàápàá, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, báwo ni ọmọ àlejò ayé ṣe máa jókòó oṣù mẹ́fà láìmu omi? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn tó. Ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní nígbà tí àwọn bímọ, ní ilé ìwòsàn gan-an ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní omi glúkóòsì, ta wá ni àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí tó ń bú àwọn?

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé Màmá kò parọ́. Wọ́n fún ọmọ ní omi glúkóòsì nígbà kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni àjọ WHO ń sọ fún ọmú nìkan, ọdún 2001 ni wọ́n tó wá sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà gbáko. Àwọn dókítà náà ní èèwọ̀ tí wọ́n ti pa tì. Ìdí tí wọ́n fi pa á tì ni pé wọ́n wo àwọn ọmọ tó mu omi àti àwọn tí kò mu, wọ́n sì rí èyí tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa jù.

Alhájà nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó fún ọmú díẹ̀ sínú ṣíbí. Èyí tó kọ́kọ́ jáde mọ́ gaara, ó sì ṣàn. Ó ní bí ẹ bá pín omi ọmú sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 nínú rẹ̀ omi ni. Ọmọ ti ń mu omi, omi tí kò sí ìkòkò tó ba á jẹ́. Ó wá bi Màmá léèrè ibi tí omi tí wọ́n ń rọ ọmọ ti wá. Láti inú dírọ́ọ̀mù ni, ẹni tó ń ti bárò ló sì ń gbé e wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé etí ọ̀sà ní Bàrígà mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe súnmọ́ omi, bí kànga àti ihò ṣaláńgá ṣe ń fẹ́ fẹnu kora. Àgbà tó mu omi náà lè yí inú lásán. Inú ọmọ oṣù mẹ́rin kò tíì ní agbára yẹn.

Ní ti ehín, ọmọ lè máa da itọ́, kó máa rún ìka, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti ibà líle kì í ṣe iṣẹ́ ehín. Ohun tó burú nínú pípè é ní ehín ni pé à ń jókòó wo àìsàn gidi, tàbí à ń fi oògùn ehín lé e. Ní ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn ehín kan tí kẹ́míkà olóró wọ̀ nínú pa ọmọ 84 ní orílẹ̀-èdè yìí, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe kà á.

Kókó ọ̀rọ̀ tó wá yí Màmá lọ́kàn padà kì í ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Èyí ni: Alhájà nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, oyún tó sáré dé lẹ̀ ń bẹ̀rù, àbí? Omi tí ẹ̀ ń rọ ọmọ yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.” Ó ṣàlàyé. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, bí nǹkan oṣù ìyá kò bá tíì padà, tó sì jẹ́ pé ọmú nìkan ni ọmọ ń mu tọ̀sán-tòru, oyún kì í sábà wọlé: nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ 100, kò tó méjì tó ń lóyún láàrin oṣù mẹ́fà náà. Bí ọmọ ṣe ń fa ọmú ni ara ìyá ń gbọ́ ọ pé kò tíì tó àkókò. Bí omi àti àgbo bá kún inú ọmọ, kò ní fa ọmú tó. Ara ìyá yóò rò pé ọmọ ti dàgbà. Bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta yẹn bá ti yẹ̀, ààbò náà ti lọ, ọ̀nà mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà.

Màmá ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n ní, “Nígbà náà, èmi gan-an ni mo ń bá wọn pe oyún náà?”

Ọ̀nà mìíràn wà. Jābir, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, sọ pé àwọn máa ń da àtọ̀ síta nígbà ayé Ànábì, nígbà tí Al-Kùránì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́, a kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe èyí tó dájú jù. Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àwọn èyí tó dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ wà tí kò ní dín omi ọmú kù. Kí tọkọtaya lọ papọ̀, kí wọ́n sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ ń mu ọmú, torí pé kì í ṣe gbogbo oògùn ló bá abiyamọ mu. Kí ọkọ má rán ìyàwó nìkan.

Kí a má gbàgbé oyin. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, àwọn kan sì ń fi í ṣe taḥnīk dípò dàbínù. Oyin dára fún àgbà, ṣùgbọ́n kòkòrò àìrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè kápá, tó sì lè dá iṣan ara ọmọ dúró. Dàbínù ni wọ́n fi ṣe é nígbà ayé Ànábì. Kí ẹni tó máa ṣe é fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó má jẹ́ ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀, kó sì jẹ́ díẹ̀ péré tó kan àjà ẹnu. Kí àwa àlejò lá oyin tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n bí ẹyin, tí àwọn kan ń fún dànù pé ó dọ̀tí: ẹ fún ọmọ. Òun ni àjẹsára àkọ́kọ́ tí Ọlọ́hun fún un.

Àṣà ń yí, bó tilẹ̀ ń lọ́ra. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní NDHS fi hàn pé ní 2003, nínú ọmọ Nàìjíríà 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 17 ni ọmú nìkan ń wọ ẹnu wọn. Ní 2013, iye kan náà ló jẹ́, 17, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún mẹ́wàá. Ní 2018 ó di 29. Ìyẹn ni pé nínú ilé mẹ́wàá, omi, àgbo tàbí nǹkan mìíràn ṣì ń wọlé nínú bíi méje. A sì fura pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnìkan wà tó ti sin ọmọ rí.

Ká tó kúrò, Màmá béèrè ọjọ́ tí ọmọ yóò pé oṣù mẹ́fà. Ìyàwó wọn mú kalẹ́ńdà ẹgbẹ́ wá láti ara ògiri, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú níbí. Ó fi báírò pupa yí ọjọ́ náà ká, ó sì fi hàn wọ́n. Màmá kò mọ̀wé, wọ́n fi ìka ka àwọn àpótí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní padà sí Ẹ̀pẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, torí pé àwọn ló máa se ẹ̀kọ àkọ́kọ́.

“Màá sì fi ẹyin sí i,” ni wọ́n wí. Wọ́n fọ ife kékeré tí wọ́n fi ń rọ ọmọ, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sì fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kalẹ́ńdà.